Bí mo ṣe gba èlé orí owó gbà-má-bínú ilé wa ní Muṣin

Èlé orí owó gbà-má-bínú kì í ṣe ojúure ẹnikẹ́ni. Abala 29 nínú Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ló fi í síbẹ̀. Bí ìjọba bá gba ilé ẹni fún iṣẹ́ ìlú, wọ́n á san iye tí èèyàn máa fi kọ́ irú rẹ̀, wọ́n á yọ ohun tí ogbó ti jẹ nínú rẹ̀. Bí owó bá wá pẹ́, wọ́n á fi èlé báńkì kún un. Ó dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa gba tiwọn láì béèrè èlé.

Ìwé tí ìjọba fi gba ilé ni mo kọ́kọ́ wá. Inú ọ̀rá tí màmá wa ń kó rìsíìtì iná sí ló wà, ọjọ́ tí wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ yẹn lágbára, torí abala 28 sọ pé bí ìwé náà bá ti tẹ onílé lọ́wọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ dópin nìyẹn.

Owó ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tó nǹkan: rẹ́ǹtì tí èèyàn san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n dá padà, bó bá tiẹ̀ san. Ara ilé lowó wà. Nítorí náà mo tẹ̀ lé sọ̀féyọ̀ yíká, mo rí i pé ó kọ kànga, ọgbà àti ṣọ́ọ̀bù iwájú sílẹ̀, mo sì ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí wọ́n tó wó o.

Owó kò dé títí símẹ́ńtì fi gbówó lórí. Nígbà tí wọ́n pè wá fún ṣẹ́ẹ̀kì, ìwé kan wà tí a ní láti buwọ́ lù: pé owó ti pé, a kò ní béèrè ohunkóhun mọ́.

Mo bi òṣìṣẹ́ ìjọba tó mú ìwé náà wá pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èlé ńkọ́?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ buwọ́ lù ú o, gbogbo àdúgbò yín ló ti buwọ́ lù ú.”

Mo fi bírò fa ìlà sórí gbólóhùn inú ìwé náà tó ní owó ti pé, mo kọ ọ́ sábẹ́ pé owó ilé ni mo gbà, èlé ṣì kù, kí n tó buwọ́ lù ú. Ó wò mí, ó gbé fáìlì wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fún mi ní ṣẹ́ẹ̀kì.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà: iye owó, ọjọ́ tí ìwé dé, ọjọ́ tí ṣẹ́ẹ̀kì dé, àti èlé tó yẹ. Mo rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Abala 47 Òfin Lílo Ilẹ̀ kò fẹ́ kí kóòtù dá sí iye owó, ṣùgbọ́n lọ́yà wa tọ́ka sí abala 44 Òfin Ìpìlẹ̀ 1999, tó ní kí wọ́n tètè san án, kí onílé sì lè lọ sí kóòtù. Ìjà yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ l’Ékòó: Olóyè Àmódù Tìjání Olúwa gbé ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà dé kóòtù ní London, ó sì jàre lọ́dún 1921.

Wọ́n san èlé náà, àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí iye owó ni wọ́n ti kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé dé. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí abala 30 Òfin Lílo Ilẹ̀ yàn fún irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, fún ìyókù.