Ìlẹ̀kẹ̀ tí mo fi gba ìtọ̀ Ẹkùn

Ẹkùn, ológbò wa, ti pé ọdún 14. Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe nílùú Òṣogbo, òórùn aró ló sì máa ń gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa. Òórùn yìí ló tàn mí jẹ. Ọjọ́ tí mo tú ìdì aṣọ kan han oníbàárà, tí òórùn ìtọ̀ gbá mi nímú, ni mo tó mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí Ẹkùn ti ń tọ̀ sórí aṣọ.

Màmá ọkọ mi ní kí n lé e síta, wọ́n ní ológbò tó dàgbà tó báyìí kì í ṣe ẹran ilé mọ́. Mi ò dá wọn lóhùn. Mo ti ń rí i pé ó ń rù, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ń gún mi lọ́wọ́, ó sì ń mu omi bí ẹni tó lá iyọ̀. Á lọ lóṣòó sínú abọ́ iyanrìn rẹ̀, ìtọ̀ á kán díẹ̀, á dìde, á tún padà.

Ilé oògùn kan tí mo kọ́kọ́ yà sí ní kí n lọ parasítámọ́ọ̀lù fún un. Ọlọ́run ló yọ wá! Dókítà ẹranko kígbe lórí fóònù: "Ẹ má dán an wò o, ó ń pa ológbò." Ó wá bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ìtọ̀ ń jáde. Ó ní akọ ológbò tó bá ń tiraka tí ìtọ̀ ò jáde rárá, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e wá, a kì í fi irú ẹ̀ sùn. Mo ní ó ń kán. Ó ní kí n gba ìtọ̀ náà wá.

Báwo la ṣe ń gba ìtọ̀ ológbò? Iyanrìn á fa gbogbo ẹ̀ mu. Mo rántí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí oníke kan tó ti já, tí mo tọ́jú sínú agolo. Ike kì í mu omi. Mo fi ọṣẹ fọ ìlẹ̀kẹ̀ àti abọ́, mo fi omi gbígbóná ṣàn wọ́n, mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ, mo dà wọ́n pọ̀, mo sì ti Ẹkùn mọ́ yàrá lálẹ́. Ó wò mí, ó fẹsẹ̀ gbá ìlẹ̀kẹ̀ dànù, ó lọ sùn. Ìdájí ni mo gbọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ ń ró ṣaara ṣaara. Mo dúró títí ó fi parí. Mo dagun abọ́, mo fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á sínú ìgò kékeré. Ìtọ̀ náà mọ́ gaara bí omi kànga, kò pọ́n rárá. Àyà mi já. Iná ò sí, mo bá gbé e sínú kúlà oníyìnyín, ó dọ̀dọ̀ dókítà láàárọ̀ náà.

Ó kán ẹ̀kán kan sórí gíláàsì irinṣẹ́ kan tó ń wọn bí ìtọ̀ ṣe ki tó, ó gbójú sí i: 1.012. Ti ológbò tí ara rẹ̀ dá sábà máa ń ju 1.035 lọ. Kíndìnrín Ẹkùn ò lè dá omi dúró mọ́. Ó ní kí ìtọ̀ tó ṣàn bẹ́ẹ̀, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára kíndìnrín á ti lọ. Ìtọ̀ tó bá sì ti ṣàn kì í lè dènà kòkòrò àrùn dáadáa. Ìtọ̀ inú abọ́ ò lè fi kòkòrò náà hàn láìsí iyèméjì, nítorí náà ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gba òmíràn láti inú àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ẹkùn ò ké. E. coli, kòkòrò àrùn kan tó máa ń gbé inú ìfun, ni láàbù rí.

A lo oògùn apakòkòrò títí ó fi tán. Omi wà ní ibi mẹ́ta nínú ilé báyìí, mo sì máa ń da omi ẹja sí oúnjẹ rẹ̀, láìsí iyọ̀, láìsí àlùbọ́sà. Àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì ò rí kòkòrò kankan. Ìtọ̀ ṣì ń ṣàn bí omi, ìyẹn ò ní yí padà. Mo ti fọ ìlẹ̀kẹ̀ náà, mo sín in sókùn, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn de oṣù kẹta tí a tún máa gba ìtọ̀.