Ẹ̀yin òbí Iléṣà, àwọn nǹkan tá à ń ṣe sí ilé ìwé gọ́mẹ́ǹtì tí ò dáa

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ríjísítà. Tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, mo lọ sí ọ́fíìsì ilé ìwé táwọn ọmọ mi ń lọ, mi ò tíì dìde ńbẹ̀ tí wọ́n fi gbé ọmọ Pírámárì Kejì kan wọlé, ara ẹ̀ gbóná janjan, ó sì ń gbọ̀n. Àǹtí kíláàsì ẹ̀ ṣí ríjísítà. Nọ́ńbà bàbá, kò lọ. Nọ́ńbà ìyá, ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní Abẹ́òkúta lòun wà, òun ò mọ ìyá kankan. Ni wọ́n bá rán ọmọ Pírámárì Kẹfà méjì sáré lọ sọ́jà Atákúnmọ́sà, wọn ò mọ ṣọ́ọ̀bù, wọn ò mọ orúkọ, ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju pé Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é, ó ń ta ẹja gbígbẹ. Ẹ gbà mí o! Ìyá Ìbejì mélòó ló wà lọ́jà yẹn? Ó lé ní wákàtí kan kí wọ́n tó rí i. Fóònù ẹ̀ ló sọnù látọdún kejì sẹ́yìn, ó ra láìnì tuntun, gbogbo oníbàárà ló fún ní nọ́ńbà, àwọn tó ń bá a ṣọ́ ọmọ láti àárọ̀ dọ̀sán nìkan ni kò fún.

Mi ò bú u, torí nígbà tí mo yẹ tèmi wò, nọ́ńbà ilé tá a ti kó kúrò ló ṣì wà ńbẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ yìí. Látìgbà tí Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955 lọ̀rọ̀ yẹn ti dùn mọ́ wa lẹ́nu, tá a bá ti gbọ́ ọ̀fẹ́, a ti rò pé gọ́mẹ́ǹtì ló ni ọmọ nìyẹn. Òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ pé láti Pírámárì Kìíní dé JSS 3, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ó tún sọ pé dandan ni, ibi dandan yẹn la máa ń fò. Òbí tí ò bá rán ọmọ lọ, wọ́n á kọ́kọ́ bá a wí, tó bá tún ṣe é, ilé ẹjọ́ lè ní kó san 2,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí kó ṣe méjèèjì. Lóòótọ́ 2,000 náírà 2004 kọ́ ni 2,000 òní, ṣùgbọ́n oṣù kan lẹ́wọ̀n, oṣù kan náà ni. Ẹni tó ń dá ọmọ dúró lọ́jọ́ ọjà pé kó wá kiri omi tútù, kó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí.

Òfin yẹn kan náà ló ní ẹni tó bá gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí ti jẹ̀bi. Owó PTA yàtọ̀, àwa òbí la jókòó fẹnu kò lé e lórí, ìyẹn tẹ́ ẹ bá wá sí mítínì. Ẹ ò wá, ẹ tún wá ń jà pé wọ́n bu owó. Ẹ béèrè ìwé mítínì, ẹ gba rìsíìtì, tí wọn ò bá ní rìsíìtì ẹ má sanwó.

Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni kí òbí má yọjú láti September títí, kó wá dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí tíṣà na ọmọ ẹ̀. Òṣómàáló làwọn baba wa n'Íjẹ̀ṣà, àwọn tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó fi máa jáde, ṣùgbọ́n tíṣà ò jẹ ẹ́ lówó. Kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ kí Àǹtí, kẹ́ ẹ gbọ́ tẹnu ẹ̀ ná. Tí kò bá yanjú, ọ̀gá ilé ìwé wà, SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ìwé, wà, ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ní lókà wà, SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀ wa, wà l'Óṣogbo, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa gbé fọ́tò tíṣà sórí Facebook lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn kan á ní, mi ò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì, báwo ni mo ṣe fẹ́ wo aṣetiléwá? Lọ́dún 1970, ní St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, gẹ̀ẹ́sì wá dá dúró bí iṣẹ́ kan, àwọn ọmọ yẹn ò sì kẹ́yìn, kódà nínú gẹ̀ẹ́sì gan-an. Nítorí náà ẹ sọ fún ọmọ pé kó fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí wọ́n kọ́ ọ lónìí. Tí kò bá rí i ṣàlàyé, kò yé e nìyẹn, ẹ ò nílò gẹ̀ẹ́sì láti mọ̀. Bí mo ṣe rí i nìyẹn pé ọmọ mi tó wà ní Pírámárì Kẹrin kàn há ìwé kíkà ẹ̀ sórí ni, kò lè kà á, èmi sì ti fọwọ́ sí rípọ́ọ̀tì kádì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilé ìwé náà lẹ́jọ́ o. Wọ́n á fi mítínì sí ago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á kọ lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì sínú báàgì ọmọ, lẹ́tà á jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú epo àkàrà lára, wọ́n á ní òbí ò bìkítà. Tá a bá sì wá, owó nìkan ni wọ́n á sọ. A sọ ọ́ fún wọn lójú wọn, inú ọ̀gá ò dùn, àmọ́ wọ́n ti sún un sí ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ní Yorùbá.

Ní ti ríjísítà, Àǹtí yẹn ti ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà wa báyìí. Ó ní ìrésà wà lọ́wọ́ òun, ká ṣáà wá sọ èyí tó ń lọ.