Kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀ sítíárìn, ẹ wo òdo rẹ̀ ná

Lóṣù tó kọjá, olùkọ́bìnrin kan gbé Corolla 2014 rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adátán, l'Abẹ́òkúta níbí. Iná VSC àti TRAC OFF, àwọn iná iwájú awakọ̀ tó ń sọ pé ètò tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yọ̀ ò ṣiṣẹ́, tàn, wọn ò kú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ táì-rọ́ọ̀dù rẹ̀, irin tó ń yí táyà iwájú, wọ́n sì ṣe aláímẹ̀ǹtì fún un, ìyẹn títo táyà kó tọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí màmá náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ní Ìbarà nínú òjò, bíréèkì ẹsẹ̀ kan ṣàdédé di táyà mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni iná tàn. Èèyàn méjì ló ti sọ fún un pé sẹ́ńsọ̀ sítíárìn ti kú, kó lọ ra òmíràn. Ó ti ń wá owó kiri.

Sẹ́ńsọ̀ yẹn ò kú. Ó ti tó ọdún 21 tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà, ọ̀pọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n bá ní ó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mi, àárín rẹ̀ ló sọnù, ìyẹn òdo tó fi ń mọ̀ pé sítíárìn wà ní ọ̀kánkán. Ó máa ń dùn mí tí ẹni tó ń ṣa owó ilé-ìwé ọmọ jọ bá lọ fi ra ohun tí kò nílò.

Iṣẹ́ rẹ̀ rèé. Ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bíréèkì ibi tí ẹ yí sítíárìn sí, bó ṣe pọ̀ tó, àti bó ṣe yá tó. Sẹ́ńsọ̀ mìíràn ń sọ ibi tí ara ọkọ̀ gan-an ń yí sí. Tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ò bá bára mu, kọ̀ǹpútà á gbà pé ọkọ̀ ń yọ̀, á sì tẹ bíréèkì táyà kan ṣoṣo láti fà á padà sójú ọ̀nà. Ètò yìí ni Toyota ń pè ní VSC; Bosch àti Mercedes-Benz ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1995. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọkọ̀ kéékèèké láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 2012, nítorí náà tọ̀kúnbọ̀ Amẹ́ríkà tó bá jẹ́ 2012 sókè, ó ní in.

Ẹ̀yìn sítíárìn ló máa ń wà, lábẹ́ ike tó bo ibi tí ọwọ́ tíráfíkétọ̀ àti wápà wà. Ó rí roboto bí ẹ̀gbà ọwọ́, irin sítíárìn gba àárín rẹ̀ kọjá. Láàárín òun àti sítíárìn ni wáyà pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ká bí ẹní, òun ló ń gbé iná lọ sí airbag àti họ́ọ̀nù. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, àwọn méjèèjì so mọ́ra. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí tiwọn wà nísàlẹ̀ lápá ibi pẹ́dà, tàbí lára mọ́tò oníná tó ń mú kí sítíárìn fúyẹ́. Ẹ wá ti ọkọ̀ yín dájú kí ẹ tó tú nǹkan kan.

Bó ṣe ń mọ ìyípo tó wà wù mí púpọ̀. Sítíárìn lè yí bíi ẹ̀ẹ̀mẹta láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún. Báwo ló ṣe wá ń mọ̀ bóyá ìyípo kìíní ni tàbí ìkẹta? Nínú irú kan, jíà ńlá kan ń yí jíà kéékèèké méjì tí iye eyín wọn ò dọ́gba, òòfà sì wà lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ rò ó bí ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin àti ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Tí mo bá ní òní jẹ́ Ọjọ́ Jàkúta, tó sì tún jẹ́ Ọjọ́rú, ìyẹn ò ní í pàdé mọ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 28. Bí jíà méjèèjì ṣe ń ṣe nìyẹn: ibi tí àwọn méjèèjì jọ wà ló ń sọ ìyípo tó jẹ́.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ wá skánà tó ń wọ ABS, ìyẹn kọ̀ǹpútà bíréèkì. Kékeré tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan ò lè ṣe é. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà iwájú dojú kọ ọ̀kánkán, kí ẹ sì wo nọ́ńbà sítíárìn. Ó yẹ kó wà ní òdo tàbí nítòsí rẹ̀. Ẹ rọra yí i sósì, kí nọ́ńbà máa pọ̀ sí i láìfò. Ẹ yí i sọ́tùn-ún, kí àmì rẹ̀ yí padà. Tó bá ń fò tàbí tó dúró sójú kan, sẹ́ńsọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àrùn. Kóòdù C0051, tàbí C1231 lára Toyota, lè jáde. Tí họ́ọ̀nù ò bá dún tí iná airbag sì tàn, ẹ fura sí wáyà tí wọ́n ká yẹn. Àmọ́ tí nọ́ńbà bá ń lọ geerege tí kò kàn sí ní òdo, ẹ má ra nǹkan kan. Ti màmá yẹn wà ní 14: wọn ò de sítíárìn mọ́ ọ̀kánkán kí wọ́n tó fa táì-rọ́ọ̀dù.

Tó bá di dandan láti tú u, ẹ yọ orí òdì bátìrì, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90. Èmi máa ń dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Airbag lè bú gbàmù lójú èèyàn, ẹ má ṣe fi tẹ́sítà kan wáyà rẹ̀, àwọn tí orí wọn yẹ́lò. Ẹ sàmì sí irin àti sítíárìn kí ẹ tó fà á yọ, kí ẹ sì fi téèpù de wáyà tí wọ́n ká kó má baà yí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mi ò dè é. Àtiyí àkọ́kọ́ ní Lafẹ́nwá ló já, àpò ara rẹ̀ ni ọ̀gá mi fi san án. Tó bá ti yí, nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ẹ rọra yí i sósì títí yóò fi dúró, kí ẹ wá dá a padà sọ́tùn-ún ní ìyípo méjì àtààbọ̀, kí àmì bára mu.

Ti màmá yẹn, aláímẹ̀ǹtì la tún ṣe, a de sítíárìn mọ́ ọ̀kánkán, mo wá fi skánà sọ àárín rẹ̀ di òdo. Òun fúnra rẹ̀ wà á dé Asérò, a sì padà. Nọ́ńbà náà ò kúrò nítòsí òdo ní gbogbo ibi tí ọ̀nà ti tọ́, iná méjèèjì sì ti kú.