Kíláàsì wo ló yẹ kọ́mọ tá à ń kọ́ nílé ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ̀ ń kọ́mọ nílé n'Ílọrin níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọjọ́ orí nìkan ra ìwé fọ́mọ. Pé ó ti pé ọdún 12 ò ní kí JSS 2 bá a mu nínú gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì o.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ fún un ní ìbéèrè mẹ́wàá látinú ìwé ìṣirò Primary 5, kẹ́ ẹ dákẹ́, kẹ́ ẹ máa wò ó. Tèmi rèé, mo ti ra ti JSS 1 sílẹ̀, mo wá ní kó ro 1/2 pọ̀ mọ́ 3/4, ló bá kọ 4/6, ó ro tòkè mọ́ tòkè, ó ro tìsàlẹ̀ mọ́ tìsàlẹ̀. Bá a ṣe padà sẹ́yìn nìyẹn, mo gé búrẹ́dì sí mẹ́rin níwájú ẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ṣe fraction kó tó yé e. Nínú ìbéèrè mẹ́wàá yẹn, tọ́mọ bá gba mẹ́jọ sókè, ẹ gbé e sókè, tí ò bá tó márùn-ún, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní kíláàsì kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀ rárá.

Kíkà tún yàtọ̀. Ẹ ní kó ka ojú ìwé kan, kó wá fi Yorùbá sọ ohun tó kà fún yín. Ó lè wà ní JSS 2 nínú Gẹ̀ẹ́sì kó ṣì wà ní Primary 6 nínú ìṣirò, ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ṣe BECE, ìdánwò tí wọ́n ń ṣe lópin JSS 3, ẹ máa fi kòríkúlọ́ọ̀mù NERDC, àjọ ìjọba tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ níléèwé, yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń lọ ilé kéwú nírọ̀lẹ́, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ fi ìṣirò sí.