Kí ló dé tí kámẹ́rà kékeré mi fi ń na ńlá?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti sú mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Sony A7 III tòkunbọ̀, òun àti lẹ́ǹsì 28-70 tí wọ́n máa ń tà mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, RX100 III kékeré tó ń wọ àpò yẹn ni mo fi ń ya gbogbo nǹkan. Ní Sátidé tó kọjá mo gbé méjèèjì lọ síbi ìgbéyàwó ìbílẹ̀ kan n'Íbàdàn, inú họ́ọ̀lù ni, mo ní kí n fi ya nǹkan kan náà kí n lè rí ibi tí owó mi wọlé sí. Ẹ̀gbọ́n, ti kékeré ló dáa jù! Ojú àwọn èèyàn tàn, gbogbo àwọn tó tò sí ìlà mẹ́ta ló klíà. Ti ńlá wá ṣókùnkùn, àwọn tó ń jó rí bàìbàì, ìlà tó wà lẹ́yìn náà bàìbàì, nóísì, àwọn tótótó bí iyanrìn, kún inú ẹ̀. Mo yẹ nọ́ńbà àwọn fọ́tò náà wò: kékeré ní f/2.8, 1/80, ISO 1600, mo sì ṣí fláàṣì orí ẹ̀. Ńlá ní 70mm (òpin súùmù ẹ̀), f/5.6, 1/80, ISO 6400. Ṣé wọ́n ti ta kámẹ́rà tó bàjẹ́ fún mi ni?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́ o àbúrò. Kámẹ́rà ẹ ò bàjẹ́, nọ́ńbà tó o kọ yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ pé o tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé wọn ò ní wò ó, wọ́n á kàn máa bú kámẹ́rà ni.

Wo ojú lẹ́ǹsì ná. Kékeré ya tiẹ̀ ní f/2.8, ńlá ya tiẹ̀ ní f/5.6, bí nọ́ńbà f bá sì ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń là tó. Láti f/2.8 dé f/5.6, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ti dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí A7 fi sáré gbé ISO (bó ṣe ń fún ìmọ́lẹ̀ tó gbà lágbára, òun ló ń mú nóísì wá) láti 1600 dé 6400 kó tó lè bá kékeré dọ́gba. Sẹ́ńsọ̀, ibi tí àwòrán ń bọ́ sí nínú kámẹ́rà, ni wọ́n fi ń pọ́n kámẹ́rà ńlá, òótọ́ sì ni o, ti A7 III jẹ́ mílímítà 36 sí 24, ti RX100 jẹ́ 13.2 sí 8.8, tó o bá ṣírò ẹ̀, ti ńlá fẹ̀ ju ti kékeré lọ ní ìlọ́po méje àti díẹ̀. Àmọ́ lẹ́ǹsì tí wọ́n tà mọ́ ọn ti gba ìlọ́po mẹ́rin kúrò nínú ìlọ́po méje yẹn, èyí tó ṣẹ́ kù sí ẹ lọ́wọ́ ò tó ìlọ́po méjì, ta ló fẹ́ rí ìyẹn lójú skírìnì fóònù? Bọ́dì lo ra, o ò tíì ra lẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀wẹ̀, o ṣí fláàṣì fún kékeré. A7 III ò ní fláàṣì lára rárá, bó o wá a títí o ò ní rí i, wọ́n gbà pé ẹni tó bá rà á á ra tiẹ̀ lọ́tọ̀. Torí náà kì í ṣe kámẹ́rà méjì lo fi wéra, ọ̀kan gbé iná dání, ìkejì ò gbé nǹkan kan. Fláàṣì yẹn náà ló jẹ́ kí àwọn tó ń jó dúró sójú kan nínú fọ́tò kékeré, torí iná ẹ̀ yára ju ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀, lọ fíìfíì. Èyí tó o fi ńlá yà, 1/80 lásán ni, ìyẹn ni pé ṣọ́tà ṣí fún ìdá kan nínú ọgọ́rin ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó ń jó ò lè klíà ní 1/80. Má sì jẹ́ kí wọ́n tàn ẹ́ pé ó ní stabilizer nínú, ọwọ́ ẹ nìyẹn ń mú dúró, kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹni tó ń jó.

Ti ìlà mẹ́ta tó o yà, sẹ́ńsọ̀ ńlá ló fa ìyẹn, bó o bá tiẹ̀ rí i bí àbùkù, nǹkan táwọn èèyàn ń torí ẹ̀ san owó náà nìyẹn. Ká ní ìlà àkọ́kọ́ lo fókọ̀sì sí, tí wọ́n wà ní mítà 5 sí ẹ, ní 70mm f/5.6 lórí A7, ohun tó máa klíà lẹ́yìn wọn ò ju bíi mítà kan lọ. Kékeré ní f/2.8 tiẹ̀ máa fún ẹ ní bíi mítà kan ààbọ̀, torí f/2.8 ti sẹ́ńsọ̀ kékeré yẹn, tá a bá fi wé ti ńlá, bíi f/7.6 ló máa jẹ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ohun tó klíà àti ohun tí ò klíà. Nígbà míì tó o bá fẹ́ ya ìyá ìyàwó àti gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀, ìlà kejì ni kó o fókọ̀sì sí, kó o gbé e sí f/8, kó o wá fi fláàṣì ran ara ẹ lọ́wọ́.

Ìbéèrè: Hà! Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n, ó ti ń yé mi. Ṣùgbọ́n owó ti tán lọ́wọ́ o. Tó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni mo lè rà báyìí, ṣé lẹ́ǹsì ni àbí fláàṣì? Àwọn kan ní kí n lọ ra 50mm f/1.8, pé kò wọ́n.

Ìdáhùn: Fláàṣì. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn á bá mi jà lórí ìyẹn, àmọ́ iṣẹ́ òde àríyá lò ń ṣe, fọ́tò àjọyà pọ̀ níbẹ̀ ju fọ́tò ẹnìkan lọ, f/1.8 ò sì lè ràn ẹ́ lọ́wọ́ níbi èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ra èyí tí orí ẹ̀ ń yí, má kọjú ẹ̀ sójú èèyàn, kọ ọ́ sí òkè àjà kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ibẹ̀ padà bọ̀. Ṣùgbọ́n wo òkè kó o tó ṣe bẹ́ẹ̀! Àwọn oníṣẹ́ décor máa ń fi aṣọ bo àjà, tí aṣọ yẹn bá jẹ́ pọ́pù tàbí àwọ̀ ewé, àwọ̀ yẹn náà ló máa bọ́ sójú ìyàwó, kò sì rọrùn láti ẹ́dítì ẹ̀ kúrò. Tó bá rí báyẹn, wá ògiri funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ò bá sí, kọ ọ́ sí wọn níwájú kó o sì rọ agbára ẹ̀ sílẹ̀.

50mm f/1.8 dáa, òun ni kó o rà tẹ̀ lé e, giráàmù 186 péré ni. Ibẹ̀ lo ti máa wá rí i pé o ní kámẹ́rà ńlá lọ́wọ́, torí f/1.8 á gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ìmọ́lẹ̀ f/5.6. Fókọ̀sì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, kò sì burú fún owó ẹ̀. Ohun tó o máa ṣọ́ra fún ni pé tó o bá dúró ní mítà 2 sí èèyàn ní f/1.8, ohun tó máa klíà látiwájú dé ẹ̀yìn ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 17 lọ, imú ìyàwó lè klíà kí gèlè má klíà. Kékeré ẹ níbi kan náà á fún ẹ ní bíi 70. Ẹni tí ò bá mọ èyí á ní lẹ́ǹsì tuntun òun ò dáa.

Tí owó bá wá wọlé dáadáa, Tamron 28-75 f/2.8, èyí tó jáde ní 2018, f/2.8 ló jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ súùmù dé òpin, òun lo máa fi ya òde láti àárọ̀ dálẹ́.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìbéèrè mi pọ̀. Àwọn ìlà dúdú kan wà nínú fọ́tò A7, ó ń lọ láti apá ọ̀tún dé òsì, pàápàá níbi tí alága ìjókòó dúró sí níwájú àwọn iná LED. Kékeré ò ní in rárá.

Ìdáhùn: Ìwọ lo tan Silent Shooting, abí? O ò fẹ́ kó máa pariwo nígbà àdúrà. Pa á. Tó bá wà lórí silent, sẹ́ńsọ̀ A7 III ń ka àwòrán láti òkè wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni, kò sì yára, iná LED sì rèé, ó ń kú ó ń jí tójú wa ò lè rí i, ibi tó bá ti kú ló máa dúdú. Ṣọ́tà ti kékeré wà nínú lẹ́ǹsì ẹ̀, gbogbo sẹ́ńsọ̀ ló ń rí ìmọ́lẹ̀ pa pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó bọ́. Kó o sì gbọ́, kékeré ò tiẹ̀ pariwo tó bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí ni, òun ni kó o gbé jáde.

Tó o bá ti pa silent, tí ó ṣì ń ṣe ẹ́ díẹ̀díẹ̀, tan Anti-flicker nínú mẹ́nù, tàbí kó o lo 1/100. Iná tiwa ní Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìgbà 100 ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ń lọ sókè sódò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí tí 1/100 fi máa ń bá a mu nìyẹn. Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tó ń hánu ni wọ́n ń lò, ìwọ àti Ọlọ́run ni.

Ìbéèrè: Ìyàwó wọ léèsì funfun, ojú ẹ̀ wá dúdú ju bó ṣe dúdú lọ.

Ìdáhùn: Funfun yẹn ló tan kámẹ́rà jẹ, ó rò pé ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, ó wá ń dín in kù. Fi exposure compensation gbé e sókè, +0.7 tàbí +1, kó o sì lọ sínú mẹ́nù wá Face Prty in Mlti Mtr, tàn án, ojú èèyàn ló máa fi ṣe ìwọ̀n dípò aṣọ. Máa ya RAW náà, ìyẹn fáìlì tó kó gbogbo ohun tí sẹ́ńsọ̀ rí, má ya JPEG nìkan. Awọ ara wa dúdú, tó o bá wá ń fa òkùnkùn sókè nínú JPEG ó máa ń di eérú.

Ìbéèrè: Wọ́n ní A7 III máa ń mú ojú èèyàn fúnra ẹ̀, tèmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àfi tí mo bá tẹ bọ́tìnnì kan mọ́ ọn.

Ìdáhùn: Tòkunbọ̀ ni, ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀ ò ṣe update. Wo Version nínú mẹ́nù, tí kò bá tíì dé 3.00, ìyẹn ló fà á. Oṣù kẹrin 2019 ni 3.00 jáde, òun ló jẹ́ kí Eye AF, èyí tó ń fókọ̀sì sí ẹyinjú èèyàn, máa ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ tó o bá ti tẹ bọ́tìnnì ṣọ́tà dé ìdajì. Gba èyí tó wà lórí ìkànnì Sony fúnra wọn, má gba ti ibòmíì, kí bátìrì kún kó o tó bẹ̀rẹ̀, má sì ṣe é lálẹ́ Fúráìdé tí òde ń dúró dè ẹ́. Tó o bá ti ṣe é tán, o ò ní fẹ́ padà sórí kékeré mọ́ fún ẹni tó ń rìn wọlé, torí RX100 III ní ibi 25 péré tó fi ń wá fókọ̀sì, A7 III ní 693, ó sì ń tẹ̀ lé èèyàn láti ẹnu ọ̀nà dórí ìjókòó.

Ìbéèrè: Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tún jọ fi fọ́tò méjèèjì wéra lórí WhatsApp, ó ní òun ò rí ìyàtọ̀ kankan. Ṣé kí n kúkú ta ọ̀kan?

Ìdáhùn: Lórí WhatsApp kẹ̀? WhatsApp ti run fọ́tò méjèèjì kó tó dé ọwọ́ ẹ̀, fi ránṣẹ́ bíi document tẹ́ ẹ bá fẹ́ jiyàn gidi. Bẹ́ẹ̀ sì ni mẹ́gápísẹ̀lì wọn ò jìnnà síra, 20 àti 24, ìyẹn ò lè fi nǹkan kan hàn ẹ́.

Má ta kékeré jàre. Giráàmù 290 ni, A7 àti lẹ́ǹsì 28-70 yẹn ń lọ sí 945, ọrùn ẹ á sọ fún ẹ tó bá di ìrọ̀lẹ́. Níta nínú oòrùn, kékeré tiẹ̀ lè na ńlá gbangba: fláàṣì ẹ̀ máa bá ṣọ́tà ṣiṣẹ́ dé 1/2000, A7 ò kọjá 1/250 àyàfi tí fláàṣì tó o bá rà bá ní HSS, ìyẹn agbára láti bá ṣọ́tà tó yára jù bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, kékeré sì ní ND nínú tó ń dín oòrùn kù. Àwọn àgbà tí wọ́n máa ń le ojú koko tí wọ́n bá ti rí kámẹ́rà ńlá, tó o bá yọ kékeré, wọn ò kà á sí, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín wọn lọ. Bátìrì ẹ̀ nìkan ni ò dúró, fọ́tò 320 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ti A7 jẹ́ 710, ra méjì sí i.

Ọyẹ́ ló kù tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún. A7 tó o bá ń pààrọ̀ lẹ́ǹsì ẹ̀ nínú eruku, ìdọ̀tí á bà lé sẹ́ńsọ̀, o máa rí i bí tótótó dúdú lójú ọ̀run. Gbé e sí f/16, ya ògiri funfun, tó bá wà ńbẹ̀ lo Cleaning Mode kó o fi blower rọ́bà fẹ́ ẹ, má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, itọ́ á bà lé e. Kékeré ò ṣeé ṣí. Lẹ́ǹsì tó ń jáde tó ń wọlé yẹn máa ń fa eruku wọ inú, tí iyanrìn etí òkun bá sì kó sí i, lẹ́ǹsì lè há, o ò ní lè tàn án mọ́, owó tí oníṣẹ́ á gbà lè sún mọ́ owó kámẹ́rà. Tó o bá ń lọ sí bíìṣì, nínú ọ̀rá ni kó o máa gbé e sí.