Bí Mo Ṣe Fi Ọpọ́n Ayò Kọ́ Ọmọ Tí Kò Ríran ní Lárúbáwá

"Ùstáàsì, ṣé lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sàká àti sàráà?"

Ọmọkùnrin tó bi mí kò ríran láti kékeré. Ọdún kẹta rẹ̀ nìyẹn nílé kéwú wa n'Íbàdàn, súrà tó sì ti há sórí pọ̀ ju tàwọn tó ń wo wàláà lọ. Mo dá a lóhùn wéré pé rárá o, ز ló bẹ̀rẹ̀ sàká, ص ló bẹ̀rẹ̀ sàráà. Ó ní kí n pe méjèèjì kóun gbọ́. Mo pè é. Ó ní, "Bákan náà lẹ ṣe pè é, sà."

Kò parọ́. Ẹnu Yorùbá ò mọ ز, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ث, س àti ص, "s" kan ṣoṣo la fi ń pe gbogbo wọn. Ojú àwọn ọmọ tó kù ló ti ń bá mi bo àṣírí láti ọjọ́ yìí wá: wọ́n ń rí ẹyọ tó wà lórí ز, wọ́n ń rí ikùn ص. Ọmọ yìí ò ní ju ẹnu mi lọ.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń kọ́ni nígbà náà. Mo rò pé mo ti kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń kọ́. Bí a bá sì ń kàwé, ṣe ni mo máa ń ní kó jókòó, kó ṣáà máa gbọ́. Lójú tèmi, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Èmi kan náà ni mò ń túmọ̀ Súrà Abasa fún wọn lọ́dọọdún o: afọ́jú tó wá bá Ànábì nítorí ẹ̀kọ́, Abdullahi ọmọ Ummu Maktum, tí Ànábì yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tí Ọlọ́run sì tìtorí rẹ̀ bá a wí. Mi ò fi ọ̀rọ̀ náà wé ti ara mi rí.

Mo wá olùkọ́ lọ. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí òun náà kò ríran, ló gbà láti máa kọ́ mi ní Braille, ìwé tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà, ní Sátidé. Baba ò gbọ́ Lárúbáwá, ti Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀, àmọ́ ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́ tó bí mo ṣe rò. Àyè àmì mẹ́fà tó yọ sókè péré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún; èyí tó yọ nínú wọn ló ń sọ lẹ́tà tó jẹ́. "b" tiwọn náà ni ب, "z" tiwọn ni ز, àmì tí wọ́n fi ń gé "th" kúrú ni Lárúbáwá fi kọ ث. Ọdún 1951 ni wọ́n pàdé ní Beirut láti so ọ̀nà ìkọ Braille Lárúbáwá pọ̀ di ọ̀kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé láti òsì sí ọ̀tún ni wọ́n ń kà á, bíi Gẹ̀ẹ́sì. Baba kì í sì í jẹ́ kí n sinmi: "Ààfáà, ẹ ti ń yọjú wò ó. Ìka ni kẹ́ ẹ lò!"

Àmì inú ìwé kéré jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ọpọ́n ayò ló sọ sí mi lọ́kàn. Ihò méjìlá ló ní. Tí o bá gbé e lóòró, tí o fi aṣọ bo ìdajì ìsàlẹ̀, mẹ́fà ló kù lókè, mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún. Lẹ́tà kan gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ọmọ ayò kan nínú ihò àkọ́kọ́ lósì, álífù nìyẹn. Fi ọ̀kan sínú èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ó di ب. Tí gbogbo ihò bá kún àfi àárín ọ̀tún, ص ni. Ọmọ náà fi ọwọ́ tọ́ ọ, ó tú u, ó tún un tò. Kó tó tó oṣù kan, ó ti mọ méjìdínlọ́gbọ̀n pé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dijú, wọ́n ń du ọpọ́n mọ́ ọn lọ́wọ́. Alàgbà kan yọjú, ó ní, "Ayò nínú ilé kéwú?" Mo ní kí wọ́n jókòó kí ọmọ kọ́ wọn ní álífù. Wọ́n jókòó.

Ìkọ̀wé ló wá le. Pátákó oníhò ni wọ́n fi ń di ìwé mú, tí wọ́n á máa fi abẹ́rẹ́ onídìímú gún un. Ẹ̀yìn ìwé lò ń gún, torí náà láti ọ̀tún lo ti máa bẹ̀rẹ̀, wàá sì yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan padà. Tí o bá dojú ìwé dé, á wá ṣeé kà láti òsì. Mo gún "dars", ìyẹn ẹ̀kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún lóòótọ́, àmọ́ mo gbàgbé láti yí àwọn lẹ́tà padà. Ọmọ fìka kà á, ó ní, "Fā, wāw, ḥā." د ti di ف, ر ti di و, س ti di ح. Fawḥ! Òórùn dídùn tó ń tàn kálẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí.

Ẹnu mi ni mo tún ṣe kẹ́yìn, òun ló sì pẹ́ jù. Mo ń gba ohùn ara mi sórí fóònù lálaalẹ́, mo ń ki ahọ́n bọ àárín eyín nítorí ث, ìyàwó mi ní ṣé eyín ló ń dùn mí ni. Mo jáwọ́ nínú "ẹ wo èyí" níwájú pátákó. Ohun tí mo bá kọ, mo gbọ́dọ̀ pè é síta. Ìmúláà, ìyẹn àpèkọ, àwọn tó ríran náà dára sí i, nítorí wọ́n ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ tí wọ́n ń kọ.

Òfin tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní January 2019 ní ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara ni láti kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ dé girama. Àpò ara mi ni owó ìwé tó nípọn tí à ń gún ṣì ti ń jáde.

Lọ́jọ́ tó ka sàká àti sàráà fúnra rẹ̀, tó sì pè wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ mi. "Ó kàn yín, Ùstáàsì. Ẹ dijú o." Mo dijú. Mo tọ́ ọ títí, mo rí ز. Èyí tó tẹ̀ lé e rú mi lójú, ni mo bá rọra la ojú kan.

"Ẹ ti ń yọjú wò ó, sà."

Mi ò mọ ohun tó fi mọ̀.