Bí ẹ ṣe máa ka orúkọ àwọn mínísítà ìjọba àjọṣe, kí ẹ sì mọ ibi tí agbára wà

Ẹ̀yin ará Ìlọrin, orúkọ mínísítà kì í tíì jáde tán tá a ti máa ń bèèrè pé "ta ni wọ́n mú ní Kwara?" Kò burú o, òfin 1999 ló kúkú ní kí wọ́n mú ó kéré tán ẹnì kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní 2023 Lateef Fagbemi ọmọ Ìjàgbo la rí, wọ́n fi ṣe mínísítà ìdájọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìjọba tí ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta pawọ́ pọ̀ ṣe, ìbéèrè yẹn nìkan ò lè gbé yín débì kankan.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn ẹgbẹ́ yẹn ṣe àdéhùn lóòótọ́. Wike jẹ́ PDP nígbà tí Tinubu mú un sí Àbújá, síbẹ̀ PDP ò bá APC da nǹkan kan pọ̀, èèyàn kan ni wọ́n mú, ìyẹn kì í ṣe ìjọba àjọṣe.

Ẹ wá mú bírò. Ká lo South Africa 2024, níbi tí ANC, ẹgbẹ́ Ààrẹ Ramaphosa, ti bá DA, IFP àtàwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pawọ́ pọ̀ ṣe ìjọba. Ẹ kọ àga tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nílé aṣòfin: nínú 400, ANC ní 159, DA ní 87. Ẹ kọ iye mínísítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 32 ni gbogbo wọn, ANC 20, DA 6, IFP 2, ẹgbẹ́ kéékèèké mẹ́rin mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àga DA ju ìlàjì ti ANC lọ, mínísítà wọn ò wá tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti ANC!

Ibi tó ṣe pàtàkì jù rèé, ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀: irú ipò wo ni wọ́n pín? Ẹ fa ìlà sábẹ́ owó, ọlọ́pàá, ológun àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. ANC ló kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tiwa nígbà Balewa ò rí bẹ́ẹ̀, NPC tó jẹ́ ẹgbẹ́ Balewa àti NCNC ló jọ ṣe ìjọba, NPC ní àga 134, NCNC pẹ̀lú NEPU tó bá a ṣe ní 89 ní ìbò 1959, síbẹ̀ Okotie-Eboh ti NCNC ló wà nídìí owó. Ẹ má sì fojú di ìyókù o, ẹni tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wà ní Johannesburg tó ń dààmú lórí ìwé ìgbélùú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ abẹ́lé kì í ṣe ipò kékeré, Leon Schreiber ti DA ni wọ́n sì fi síbẹ̀.

Ẹ ka àwọn igbákejì náà, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fò wọ́n. Lábẹ́ Godongwana ti ANC, tí wọ́n fi sídìí owó South Africa ní 2024, igbákejì kan jẹ́ ANC, èkejì, Ashor Sarupen, DA ni, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ní ojú nídìí owó ìjọba nìyẹn.

Ẹ wá bèèrè ta ló lè lé wọn. Ní June 2025 Ramaphosa yọ Andrew Whitfield, igbákejì mínísítà tó jẹ́ DA, torí ó lọ Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ. DA bínú gan-an, síbẹ̀ wọn ò kúrò nínú ìjọba.